Irú Ohun tí Ààyè Ń Gbà: Àgbéyẹ̀wò Àwòṣe Dátà fún Dátábéèsì Onídókúmẹ́ǹtì

Dátábéèsì onídókúmẹ́ǹtì ni èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní odindi, bí ìwé kan tí gbogbo ohun tó kan ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀, dípò kó tú u ká sórí àtẹ onílà àti olópòó. Nínú dókúmẹ́ǹtì, ààyè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, ọjọ́, bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, àtòkọ, tàbí dókúmẹ́ǹtì kékeré mìíràn. Àwòṣe dátà ni ìpinnu lórí ààyè tó yẹ kó wà, irú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, èyí tó pọn dandan àti èyí tí a lè fò, èyí tó yẹ kó wà nínú dókúmẹ́ǹtì kan náà àti èyí tó yẹ kó dá dúró.

Ìgbékalẹ̀ tí ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka bí igi ti wà ṣáájú àtẹ. IMS, dátábéèsì tí IBM ṣe ní àwọn ọdún 1960 fún iṣẹ́ Apollo, èyí tó gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá, báyìí ló ṣe ń to àkọsílẹ̀ àwọn èèlò ọkọ̀ náà. Ní 1970 ni Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM kan náà, gbé àbá àtẹ jáde, àtẹ sì jọba fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ohun tó tún gbé igi padà wá ni JSON, ọ̀nà ìkọdátà tí Douglas Crockford là kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Damien Katz bẹ̀rẹ̀ CouchDB ní 2005. Ilé-iṣẹ́ 10gen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, gbé MongoDB jáde ní 2009, nígbà tó sì di 2013, ó fi orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pe ara rẹ̀. Firestore ti Google dé ní 2017.

Ohun tí wọ́n fi polówó irú dátábéèsì yìí ni pé kò béèrè ètò ṣáájú. Ẹni tó ń lo àtẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye òpó tó fẹ́ àti irú ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó kó ohunkóhun sí i. Ẹni tó ń lo MongoDB lè ju dókúmẹ́ǹtì kan sínú àkójọ lónìí, kó ju èyí tí kò jọ ọ́ rárá sí i lọ́la. Òótọ́ ni, ó sì wúlò gan-an níbi tí iṣẹ́ ṣì ń wá ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí dátábéèsì kò béèrè kò kúrò nílẹ̀. Ó kàn ṣí lọ sínú ètò tó ń ka dókúmẹ́ǹtì náà ni, àti sínú orí ẹni tó kọ ètò ọ̀hún. Bí ẹni náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì kọ ọ́ síbì kankan, ó bá a lọ.

Ilé ìtajà gáàsì ìdáná kan ní Rumuodara tó láti fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Àdúgbò àwọn Ikwerre ni Rumuodara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor ní Port Harcourt, títì East-West sì gba ibẹ̀ kọjá. Kílò ni wọ́n fi ń ta gáàsì: sìlíńdà kílò 3, kílò 6, kílò 12.5, ẹlòmíràn á sì ní kí wọ́n rọ iye tí owó ọwọ́ òun bá gbé. Àwọn kan ń sanwó lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ń fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, àwọn kan ń gba àwìn di ìparí oṣù, àwọn kan sì fẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbé e wá bá àwọn nílé. Ìwé nóòtù gba gbogbo èyí láìjanpata, nítorí ẹni tó kọ ọ́ náà ló ń kà á. Nínú kọ̀ǹpútà, títà kan lè rí báyìí:

{
  "onibara": { "oruko": "Ìyá Ìbejì", "adugbo": "Rumuodara" },
  "oja": [ { "iru": "gáàsì", "kilo": 12.5, "iyeKiloKan": 120000 } ],
  "apapo": 1500000,
  "sisan": "àwìn",
  "igba": "2024-05-31T23:30:00Z"
}

Kọ́bọ̀ ni owó ibẹ̀, kì í ṣe náírà, ìdí rẹ̀ ń bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí àwòṣe dátà ti lè ṣe àṣìṣe tí kò sí nínú ìwé kékeré yìí.

JSON mọ irú mẹ́fà péré: ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́, òfìfo, àtòkọ, àti dókúmẹ́ǹtì inú dókúmẹ́ǹtì. Kò mọ ọjọ́. Kò sì ya nọ́ńbà odindi sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà onípọ́ìntì. Nítorí náà ni MongoDB ṣe ń fi BSON tọ́jú dátà, èyí tó fi ọjọ́, odindi oníbíìtì 32 àti 64, Decimal128, ObjectId àti báìtì lásán kún un. ObjectId ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí dókúmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ń gbà bí kò bá sẹ́ni tó fún un ní òmíràn: báìtì 12, tí 4 àkọ́kọ́ jẹ́ àkókò tí wọ́n dá a.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú lórí nọ́ńbà ni pé, ṣé a máa fi í ṣe ìṣirò? Kò sẹ́ni tó ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ dígíìtì 11, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ààyè rẹ̀ bá jẹ́ irú nọ́ńbà, òdo iwájú pòórá, ohun tó kù kò ṣeé pè mọ́. Bákan náà ni nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, tó jẹ́ dígíìtì 10 tí òdo sì lè ṣáájú rẹ̀, àti NIN àti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba àti ti báǹkì, tí wọ́n jẹ́ 11. Irú ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Fún fóònù, ó tún yẹ kí àwòṣe mú ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, kí ètò sì yí èyíkéyìí tí wọ́n bá tẹ̀ sí i kó tó pa á mọ́: kí òdo iwájú kúrò, kí +234 rọ́pò rẹ̀, kí àlàfo àti dáàṣì àárín lọ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà kan á di mẹ́ta, gbèsè rẹ̀ á sì pín sí mẹ́ta.

Owó la dìídì ń ṣírò, ibẹ̀ sì ni ọ̀fìn tó jìn jù wà. Nọ́ńbà onípọ́ìntì oníbíìtì 64 ń fi ìlọ́po àti ìdajì èjì kọ iye. Kílò 12.5 wọ inú rẹ̀ géérégé, nítorí ìdajì ni .5; ṣùgbọ́n 0.1 kò wọ̀ ọ́ láé, bí ìdá mẹ́ta náírà kò ṣe ṣeé kọ tán ní dẹ́símà. Fi 0.1 kún 0.2, kọ̀ǹpútà á dá 0.30000000000000004 padà. Lórí títà kan, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí àròpọ̀ ọdún kan, ìwé lè má bá owó dọ́gba mọ́, ẹni tó ń ṣírò á sì máa wá olè níbi tí kò sí olè. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: kí owó jẹ́ odindi kọ́bọ̀, bí ó ti wà lókè yìí, tàbí kó jẹ́ Decimal128, tó dé inú MongoDB pẹ̀lú ẹ̀dà 3.4 ní 2016, tó sì ń di dígíìtì 34 mú ní déédéé. Ẹni tó bá yan kọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé odindi oníbíìtì 32 kò kọjá 2,147,483,647, ìyẹn ₦21,474,836.47, iye tí àròpọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń tà dáadáa lè fò kọjá. Odindi oníbíìtì 64 ló yẹ.

Ewu tó burú ju ìyẹn lọ ni kí irú méjì wà nínú ààyè kan náà. Bí wọ́n bá kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé láti inú fáìlì Excel, gbèsè kan lè di "1500000" pẹ̀lú àmì àyọlò, ọ̀rọ̀ ni, nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ nọ́ńbà. Lójú ènìyàn, ìkan náà ni. Ṣùgbọ́n bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní kí MongoDB kó gbogbo gbèsè tó ju mílíọ̀nù kọ́bọ̀ kan lọ jáde, nọ́ńbà pẹ̀lú nọ́ńbà nìkan ló máa fi wéra. Àwọn gbèsè tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kò ní yọjú. Kò ní sí ìkìlọ̀, kò ní sí àṣìṣe tó hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá sì ní kó tò wọ́n, gbogbo ọ̀rọ̀ á wà lẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà, láàárín ara wọn "900000" á sì ga ju "1500000" lọ, nítorí 9 tẹ̀lé 1. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò sí lórí àtòkọ kò ní san án, ẹni tó ni owó kò sì ní mọ ibi tó gbà lọ.

Ọjọ́ nínú BSON jẹ́ iye mílísẹ́kọ́ńdì láti 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ní àkókò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Kí a padà sórí dókúmẹ́ǹtì òkè yẹn. Alásè ni Ìyá Ìbejì. Òru Jímọ̀ ló ń dáná fún òde ọjọ́ Sátidé tí gáàsì fi tán, ó sì ránṣẹ́ ra òmíràn. Aago méjìlá ààbọ̀ òru ni, ó ti di 1 oṣù Kẹfà ní Rumuodara. Ohun tó wà nínú dátábéèsì ni aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ 31 oṣù Karùn-ún. Dátábéèsì kò ṣìnà, àsìkò kan náà ni. Ẹni tó bá gé àkọsílẹ̀ sí oṣooṣù láì fi wákàtí kan yẹn sí i ló máa gbé títà oṣù Kẹfà sínú oṣù Karùn-ún. Nítorí náà, àsìkò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ọjọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ọjọ́ tí kò ní wákàtí nínú, bí ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ tí àwìn pé, ọ̀tọ̀ ni: èyí dára kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọdún ṣáájú, tí oṣù tẹ̀lé e, tí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tò déédéé, kò sì ní sí àríyànjiyàn bóyá 04/07 jẹ́ oṣù Kẹrin tàbí oṣù Keje.

Irú ọ̀rọ̀ dà bí èyí tó rọrùn jù, àfi fún èdè tó ń lo àmì ohùn. Lẹ́tà á inú "Ìyá" ṣeé kọ lọ́nà méjì nínú Unicode: bí àmì kan ṣoṣo, tàbí bí a tí àmì ohùn lé lórí lẹ́yìn náà. Ojú kò mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà rí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ́ tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Unicode kò ní àmì kan tó gbà á tán; àkópọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, àmì ìsàlẹ̀ sì lè ṣáájú ti òkè tàbí kó tẹ̀lé e. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù kan lè má bá èyí tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mu rárá. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ètò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó pa á mọ́. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń wá orúkọ láìlo àmì, àwòṣe lè ní ààyè kejì fún ìwákiri, tí àmì ti kúrò lára rẹ̀. Kí ààyè kejì yìí má ṣe rọ́pò ti àkọ́kọ́ láé: bí àmì bá lọ, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ìkan náà, orúkọ ènìyàn kò sì yẹ fún ìyà bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín orúkọ náà gba ìrònú. Fọ́ọ̀mù tó wá láti òkè òkun fẹ́ orúkọ àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìdílé, bíi pé ayé gbogbo ló ń sọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo Rumuodara mọ̀. Orúkọ tó wà ní báǹkì yàtọ̀. Ààyè kan fún orúkọ kíkún bí ẹni náà ṣe kọ ọ́, àti òmíràn fún orúkọ tí wọ́n ń pè é, sàn ju mẹ́ta tí ìdajì oníbàárà máa fi irọ́ kún.

Àdúgbò jẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní ààlà. Rumu, tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ ìletò Ikwerre, túmọ̀ sí ọmọ tàbí ìran, nítorí náà àwọn orúkọ ibẹ̀ jọra wọn gan-an: Rumuodara wà, Rumuodomaya wà, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni méjèèjì. Bí wọ́n bá fi ààyè sílẹ̀ gbayawu, ẹnìkan á kọ "Rumu Odara", ẹlòmíràn á kọ "Rumuodra", ẹni kẹta á yan Rumuodomaya nígbà tó ń kánjú, sìlíńdà á sì gba ibòmíràn lọ. Àtòkọ orúkọ tí a fọwọ́ sí, kí ẹni tó ń kọ ọ́ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ló yẹ ibẹ̀. Ìjúwe ilé, "ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, géètì dúdú", ló yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ òmìnira.

Ibi lórí máàpù ní irú tirẹ̀, GeoJSON, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2016 gẹ́gẹ́ bí RFC 7946. Ó ń kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n ìlà-oòrùn, kó tó kọ ti àríwá. Ẹnu ènìyàn àti ọ̀pọ̀ máàpù ń ṣe òdìkejì. Rumuodara wà ní nǹkan bíi 4.86 sí àríwá àti 7.03 sí ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bí ẹnu ṣe sọ ọ́, 4.86 ṣáájú, dátábéèsì á kà á sí 7.03 àríwá, 4.86 ìlà-oòrùn, ibi tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó. Nọ́ńbà méjèèjì tọ́, Nàìjíríà náà ni ibẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò irú tó lè mú un. Àfi kí àwòṣe fi ààlà sí i pé ìwọ̀n àríwá oníbàárà Port Harcourt kò gbọ́dọ̀ kọjá 5.

Ààyè tí kò sí àti ààyè tó ṣófo kì í ṣe ọ̀kan. Bí "sisan" kò bá sí rárá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà ètò àtijọ́ ló kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òfìfo, ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé kò tíì sí ìdáhùn. MongoDB ń da méjèèjì pọ̀ nígbà tí a bá wá òfìfo, àfi tí a bá fi $exists yà wọ́n. Kí àwòṣe mú ọ̀kan, kó sì dúró tì í.

Ìbéèrè tó wá kù ni ohun tó yẹ kó wà papọ̀. Ohun tí a máa ń kà pọ̀, tí kò sì ní pọ̀ jù, kí wọ́n wà nínú dókúmẹ́ǹtì kan: àwọn ohun tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ ti títà náà. Iye kílò kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ẹ̀dà, bó tilẹ̀ wà nínú àkójọ ọjà tẹ́lẹ̀. Iye gáàsì ń yí padà, rìsíìtì àná kò sì gbọ́dọ̀ bá a yí. Ṣùgbọ́n kíkó gbogbo títà ìgbésí ayé oníbàárà sínú dókúmẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, nítorí àtòkọ tí kò ní òpin ń dàgbà títí tí á fi kan àjà: mẹ́bíbáìtì 16 ni MongoDB ń gbà fún dókúmẹ́ǹtì kan, Firestore kò sì gbà ju mẹ́bíbáìtì 1 lọ. Títà yẹ kó wà ní àkójọ tirẹ̀, kó mú ìdánimọ̀ oníbàárà dání. Ìpín yìí kan ààbò owó pẹ̀lú: àyípadà lórí dókúmẹ́ǹtì kan máa ń wọlé tán tàbí kó má wọlé rárá, ṣùgbọ́n ti dókúmẹ́ǹtì púpọ̀ kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ nínú MongoDB títí di ẹ̀dà 4.0 ní 2018. Níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, CouchDB ní àǹfààní mìíràn: ẹ̀dà orí fóònù lè máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì bá ti àárín gbùngbùn dọ́gba nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé.

Ibi tí wọ́n ń kọ àwòṣe sí kò dọ́gba níbi gbogbo. Mongoose, tí àwọn tó ń fi Node.js ṣiṣẹ́ mọ̀ dáadáa, ń fi í sínú ètò. Ó ń yí "12" sí 12 fúnra rẹ̀, bó sì ṣe wà látilẹ̀, ó ń ju ààyè tí kò sí nínú àwòṣe nù láìsọ̀rọ̀, débi pé lẹ́tà kan tó ṣì lè gbé dátà kan lọ. MongoDB ti ń gba JSON Schema, ọ̀nà ìkọ àwòṣe fún JSON, lẹ́nu ọ̀nà dátábéèsì fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 3.6 ní 2017, ó sì lè dá dókúmẹ́ǹtì tí kò tọ́ padà tàbí kó kàn kìlọ̀. Firestore ń fi òfin ààbò ṣe é, CouchDB ń fi iṣẹ́ JavaScript kékeré ṣe é. Àyẹ̀wò inú ètò àti ti ẹnu ọ̀nà dátábéèsì ló dára, ṣùgbọ́n ti ẹnu ọ̀nà ló ṣe kókó jù: áàpù orí fóònù, fáìlì Excel àti ẹni tó wọlé fi ọwọ́ tún nǹkan ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà.

Àwòṣe kì í dúró sójú kan. Bí ṣọ́ọ̀bù bá bẹ̀rẹ̀ sí ta bọ́nà pẹ̀lú gáàsì, ọjà á fẹ́ ààyè "iye" tí kò sí tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà nínú dókúmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, 1 fún ti àtijọ́ àti 2 fún tuntun, ń jẹ́ kí ètò mọ bó ṣe máa kà á, kó sì sọ ti àtijọ́ di tuntun ní ọjọ́ tó bá tún fọwọ́ kàn án.

Àwọn ààyè kan wà tí kò yẹ kó sí rárá. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní kí wọ́n má gba ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ pẹ́ jù. Ẹni tó ń ra gáàsì kò nílò láti kọ NIN sílẹ̀. Fún ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́yìn àkókò kan, MongoDB ní atọ́ka TTL, tó ń pa dókúmẹ́ǹtì rẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ inú ààyè kan bá pé. Irú ọjọ́ nìkan ló ń kà. Bí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ náà bí ọ̀rọ̀, dókúmẹ́ǹtì náà kò ní kúrò níbẹ̀ láé.